Ìṣó Tí Mo Fi Igi Pààrọ̀

Mo ti so afẹ́fẹ́ mọ́ òpó rí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi wà lórí ìso bí ewúrẹ́, tí aṣọ kankan ò gbẹ ní gbogbo àdúgbò wa, títí àwọn àgbà fi wá bẹ̀ mí pé kí n tú u sílẹ̀. Kókó tí mo ta ni ò jẹ́ kó lọ, kò sì sẹ́ni tó ń ta irú kókó yẹn láyé yìí àfi èmi. Ẹ ti rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa. Irọ́ ni ti afẹ́fẹ́. Òótọ́ ni ti kókó, òun náà ló sì mú mi. Ọ̀rọ̀ tó kù ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja láti ọdún mẹ́ta. Mi ò lè gbé e mì, mi ò lè pọ̀ ọ́. Òní ni mo máa sọ ọ́. Kíláàsì kẹrin ni èmi àti ilé ìwé ti pínyà, nítorí náà ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ ọ́, ohun tí mo ń kọ ni kẹ́ ẹ wò.

Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n mi. Yàrá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀ la ti ń ṣiṣẹ́, yàrá tó há débi pé tí èkúté bá fẹ́ yí padà níbẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ jáde síta. Tábìlì ńlá ò lè gba ibẹ̀, a ò sì lówó tá a máa fi ra èyí tó ṣeé ká. Ni mo bá kan ọ̀kan. Ilẹ̀kùn àlòkù tí wọ́n jù nù ni mo fi ṣe ojú rẹ̀, pákó tó ṣẹ́kù lára bẹ́ẹ̀dì oníbàárà kan ni mo fi ṣe ẹsẹ̀, mo wá fi àgbékọ́ ilẹ̀kùn kan ẹsẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ kó lè máa ká wọlé. Tá a bá ṣíwọ́ iṣẹ́, a ó ká a, a ó fi ti ògiri. Ìṣó gígùn kan tó nípọn bí ìka ló ń mú un dúró: ẹ ó tì í bọ ihò ara ẹsẹ̀ àti ihò ara igi ìdábùú, ẹsẹ̀ ò sì ní lè ká mọ́. Okùn la fi so ìṣó náà mọ́ etí tábìlì kó má baà sọnù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, erin lè jó lórí ẹ̀." Ó ní, "Kí erin tó dé, jẹ́ ká fi rẹ́ pákó ná."

Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń gbé tábìlì yẹn nà fún un láràárọ̀. Aránṣọ ni, òun ló sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán okùn mọ́ ọrùn ìṣó náà bí ẹni ń rán etí aṣọ. Tó bá ti rí mi, á ní, "Ọkọ mi Ẹlẹ́fẹ̀, ṣé ẹ máa jẹun kẹ́ ẹ tó pa irọ́ tòní ni, àbí ẹ̀yìn oúnjẹ?" Obìnrin yẹn ò ṣẹ̀ mí rí.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń kun ilé, Pẹ́ńtà la máa ń pè é. Lọ́jọ́ kan tá ò ríṣẹ́ ṣe, mo sọ fún un pé, "Àpò irin iṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń kọ́kọ́ gbé lé tábìlì. Tí tábìlì bá wó lulẹ̀ bí ọ̀mùtí mọ́ ọn lójú ńkọ́?" Pẹ́ńtà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀dá burúkú ni ẹ́. Má ṣe é lẹ́yìn mi o." Mo gbẹ́ igi tín-ínrín kan bí ìṣó, Pẹ́ńtà fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ó jọ irin pátápátá. Mo gé òwú ìyàwó, mo yọ ìṣó gidi, mo so ti igi sípò rẹ̀. Igi yẹn lè gbé tábìlì dúró, kò lè gbé ẹrù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó gbé tábìlì nà, ó ti ìṣó bọ ihò, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi àti Pẹ́ńtà wà lójú fèrèsé, a fọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n oníbàárà kan ti ń dúró de ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ò sì fọwọ́ kan àpò. Pákó líle kan, tó wúwo tó èèyàn méjì, ló gbé kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó gbé ayùn. Mo lè pariwo nígbà yẹn. Ẹ̀rín ló wà lẹ́nu mi, mi ò pariwo. Igi dún pọ́, tábìlì ká, pákó sì tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì. Mi ò ní bù mọ́ ọn níbí. Ìka mẹ́ta ni. Kò ké. Ó kàn ń wo ọwọ́ náà bí ẹni ń ka èyí tó kù.

Kì í ṣe ìyẹn ló burú jù. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, èmi dúró sẹ́yìn. Mo ṣa igi tó kán, mo ta kókó so ìṣó irin padà sídìí okùn, mo jẹ́ kó máa fì dirodiro. Pẹ́ńtà ní, "Mi ò sí níbí o," ó sì kó kúrò ládùúgbò kí oṣù tó parí. Ẹ̀gbọ́n mi padà dé, ó rí ìṣó tó ń fì, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "O ò fi ìṣó sí i." Ìyàwó ní, "Mo fi sí i. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tì í." Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí mi: "Ìwọ ńkọ́, kí lo rí?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bóyá ó gbàgbé ni." Èmi tí ẹnikẹ́ni ò gbà gbọ́ rí, gbogbo ilé gbà mí gbọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ò lù ú, kò bú u. Kò kàn jẹ ohun tó bá fọwọ́ kàn mọ́. Nígbà tó pé oṣù méjì, ìyàwó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀, ó sì tú ìṣó yẹn tòun ti okùn rẹ̀ kúrò lára tábìlì, ó mú un lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù tí ìyàwó náà ti ń ránṣọ, bí mo ṣe máa ń ṣe, kí ẹ̀rí ọkàn mi lè dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ bá mi di ẹrù oníbàárà yìí." Mo dì í, ẹnu mi ò sì gbé jẹ́ẹ́: "Irú kókó yìí ni mo fi so afẹ́fẹ́. Kò sẹ́ni tó ń ta á láyé yìí àfi èmi." Ó fa dúrọ́ọ̀ máṣíìnì rẹ̀, ó gbé ìṣó tòun ti okùn jáde, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù. Kókó méjèèjì jọra bí ìbejì.

Ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó yín fi ìṣó sí i. Èmi ni mo fi igi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ lọ mú un wá sílé, kẹ́ ẹ sì jẹun lọ́wọ́ rẹ̀; bẹ́ ẹ bá lè forí jì mí, kó jẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀yin ọmọdé tẹ́ ẹ fẹ́ràn àwàdà, èyí tó bá la pípa ẹ̀rí rẹ́ lọ kì í ṣe àwàdà mọ́.

Lọ́jọ́ yẹn ní ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó ní, "Dìde. Ká lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ." Mo dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú pópó ni mo bá ara mi, bàtà mi kan ṣì wà lábẹ́ máṣíìnì. Kò lé mi. Ohùn rẹ̀ nìkan ló tẹ̀ lé mi: "Máa sá lọ. Kókó ẹ wà lọ́wọ́ mi."