Eyínmẹ́nugún Ni Páswọ́ọ̀dù Ilé Wa

Orúkọ kan wà lẹ́nu mi tí n kò rí ẹni pè mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀, kí ẹ gbọ́ tèmi. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, Ìlaròó níbí ni mo ń gbé, mo lọ́kọ, mo sì bímọ. Kò sí ẹni tó máa rí mi lójú pópó tó máa mọ̀ pé nǹkan ń jẹ mí lọ́kàn, nítorí ẹlẹ́rìn-ín ni mí, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́. Ẹnu náà ló kó bá mi. Láràárọ̀ tí mo bá tan fóònù mi tí mo rí orúkọ Wáìfáì ilé wa, "Ilé Màmá", ọkàn mi á sáré padà sẹ́yìn. Irọ́ kan ni mo pa. Kò ju gbólóhùn méjì lọ, ó sì ti pé ọdún méjì tí mo ti ń gbé e kiri.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo dé ilé ọkọ. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ tó ń rá kòrò nílé kí ìyàwó tó dé. Àbúrò ọkọ mi obìnrin tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà. Òun ló gbé igbá omi tí wọ́n fi ṣan ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, omi náà sì ń dà sí i láyà bó ṣe ń bọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun, ó tò bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ tò ó. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni mo sọ ọ́ ní Eyínmẹ́nugún. Láti ọjọ́ yẹn, n kò pè é ní nǹkan mìíràn. Òun náà á dáhùn tìgboyà-tìgboyà pé, "Ìyàwó mi!" bí ẹni pé òun ló san owó orí mi. A jọ bó ẹ̀gẹ́ láfún lẹ́yìnkùlé. Mo di irun rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tó wọ ilé-ìwé gíga ní ìlú wa níbí, tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà, abọ́ oúnjẹ rẹ̀ kì í kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi bó ti wù kó pẹ́ tó kó tó dé. Ṣé àbúrò ọkọ la máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni, àbí ọmọ?

Ọ̀rọ̀ ráútà dé nítorí Màmá, ìyá ọkọ mi. Àkọ́bí wọn ti gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ kọjá ẹnubodè láti ìgbà èwe, ó dé ilẹ̀ Faransé, ó sì fẹ́yàwó síbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìlárá ni Màmá, ẹnubodè ni wọ́n ti ṣòwò nígbà tí wọ́n lágbára, wọ́n sì ní ìwọ̀nba Faransé lẹ́nu. Ojú àwọn ọmọ náà ni wọ́n fẹ́ máa rí. Ilé wa wà ní kòtò, fóònù lásán kì í gbé àwòrán níbẹ̀, ni ọkọ mi bá ra ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín Wáìfáì káàkiri ilé. Eyínmẹ́nugún, tó ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìbèsè nígbà náà, gun ọ̀kadà wálé ní ọjọ́ Sátidé kan láti wá tò ó.

Mo ṣì ń rí i bó ṣe ń gbé e káàkiri ilé. Ó ní kì í ṣe ilẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀yìn fíríìjì, ojú fèrèsé pálọ̀ ló pàpà gbé e sí. Ó ní páswọ́ọ̀dù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró bẹ́ẹ̀, torí ẹnikẹ́ni tó bá dojú rẹ̀ dé lè kà á. "Ilẹ̀kùn méjì ló ní, ìyàwó mi. Ọ̀kan ni ti ẹni tó fẹ́ lò ó, ọ̀kan ni ti ẹni tó fẹ́ yí inú rẹ̀ padà." Ó yí méjèèjì padà. Ti inú, ó kọ ọ́ sí ìwé fún ọkọ mi. Ti ìta, ó wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá ìgò ojú yín nígbà tó wà lójú yín, èyí tí ẹ ò lè gbàgbé láé ni mo máa fi sí i." Ló bá tẹ Eyinmenugun. "Kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ láyé yìí àfi ẹ̀yin. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni o."

Áà, àwọn ìrọ̀lẹ́ Sunday yẹn! Láti aago mẹ́rin ni Màmá á ti wẹ̀, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á jókòó sórí ẹní wọn bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Àwọn ọmọ á yọ lójú fóònù, wọ́n á pariwo "Mémé!", ìyẹn ìyá àgbà lédè tiwọn. Màmá á dáhùn pé, "Bọ́nsúà, ọkọ mi!" Ibẹ̀ ni Faransé máa ń tán, ṣùgbọ́n wọ́n á máa bá ọ̀rọ̀ lọ ní Yorùbá, àwọn ọmọ á máa dá wọn lóhùn ní Faransé, gbogbo wọn á sì máa gbọ́ ara wọn yé. Nígbà kan Màmá gbé àkàrà síwájú fóònù, wọ́n ní kí àwọn ọmọ gé e jẹ. Ó wù mí kí n tún gbọ́ ariwo yẹn lẹ́ẹ̀kan péré.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé ilé tó wà lẹ́yìn wa. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan tó máa ń kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ní ọjọ́ kan ó ní, "Màmá, mo ń rí 'Ilé Màmá' lórí fóònù mi. Kí ni páswọ́ọ̀dù ẹ̀?" Mo ní ó tì o, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Kí n dákẹ́ síbẹ̀, ẹnu ń yún mi. Mo fi ìgbéraga kún un pé, "Ṣùgbọ́n orúkọ tí mò ń pe ọkọ mi kékeré ni." Mo rò pé àlọ́ ni mo pa. Àlọ́ wo? Bí Eyínmẹ́nugún bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ṣé kì í ṣe ohùn mi ni ilé mẹ́ta sí tiwa máa ń gbọ́? Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó lọ. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá kì í ráyè wọ̀ ọ́.

Láìpẹ́, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sójú kan. Ẹnu àwọn ọmọ á là, ohùn kò ní jáde. A ń bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ní Sunday kan, Màmá ní kí gbogbo wa jáde nínú pálọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn fẹ́ bá àkọ́bí àwọn sọ. Láti ìta, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Ṣé o gbọ́? Ṣé o ń gbọ́ mi?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ń já. Nígbà tó yá, ó sú wọn. Wọ́n ní kò burú, ó di Sunday tó ń bọ̀. Ní Thursday, Màmá sùn, wọn kò jí. Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń sunkún lórí fóònù, ó ń bi wá pé kí ló fà á tí ọ̀rọ̀ fi ń já lọ́jọ́ náà. Eyínmẹ́nugún bá ṣí inú ráútà. Àwa tí a kò ju mẹ́rin lọ nínú ilé, fóònù mọ́kàndínlógún ló wà lórí rẹ̀. Ó ń ka orúkọ wọn jáde níkọ̀ọ̀kan, orúkọ àwọn tí a kò mọ̀ rí. Ọkọ mi yíjú sí wa. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ mọ̀ pé orúkọ yẹn ni páswọ́ọ̀dù. Ta ló sọ ọ́ síta?"

Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀rù ojú ọkọ mi bà mí lọ́jọ́ náà. Mo ní, "N kò sọ páswọ́ọ̀dù fún ẹnì kankan. Ẹ bi Bọ́láńlé."

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe? Bọ́láńlé ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Láti ọjọ́ tó gbé igbá omi pàdé mi, n kò fi ẹnu mi pè é rí. Ọjọ́ tí mo máa kọ́kọ́ pè é, irọ́ ni mo fi pè é, ilẹ̀ ibojì ìyá rẹ̀ kò sì tíì gbẹ. Ó wò mí. Ó mọ̀. Ó kàn sọ fún ọkọ mi pé, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Bóyá èmi ni mo ṣe àṣìṣe." Ọkọ mi fa ráútà náà yọ lójú iná, ó jù ú sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Eyínmẹ́nugún padà sí Ìbèsè. Nígbà tó tún pè mí lórí fóònù, kò sọ pé ìyàwó mi mọ́. Ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, Màmá Táyọ̀." Bí ará àdúgbò ṣe ń pè mí nìyẹn.

Ní ọdún yìí ọkọ mi ra ráútà mìíràn. Nígbà tí ẹni tó wá tò ó bi mí ní orúkọ tí n ó fún un, mo ní "Ilé Màmá". Ó bi mí ní páswọ́ọ̀dù, mo ní Eyinmenugun. Ó ní, "Màmá, èyí rọrùn jù, ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà kún un." Mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn tí gbogbo ayé mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀kùn. Ẹnì kan ni mo ṣí i sílẹ̀ dè.

Eyínmẹ́nugún wá síbi ìrántí Màmá lóṣù tó kọjá. Orí àga ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí bí àlejò. Bó ṣe jókòó, fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àtẹ̀jíṣẹ́ ń rọ́ wọlé, nítorí fóònù kì í gbàgbé ibi tó ti wọlé rí. Ó wò ó, ó wo ojú fèrèsé, ó wá wò mí.

Ó ní, "Ẹ yí i padà o, Màmá Táyọ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n."

Mo ní, "Èmi ni mo sọ fún wọn."

"Mo mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni kò mọ̀."

Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti wọlé, ó ti sin àwọn àlejò kan dé ìta. Eyínmẹ́nugún ń wò mí, ó ń dúró. Ẹnu mi tó máa ń yára yẹn, ó pa dé. Nígbà tó dúró títí, ó gbé báàgì rẹ̀, ó dágbére. Mo sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, mo pe orúkọ náà, jẹ́jẹ́. Ó dúró, ṣùgbọ́n kò bojú wẹ̀yìn.

Ó ní, "Ẹ pè é kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọkọ mi gbà pé àbúrò òun ló ba ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ìyá wọn jẹ́. Bí mo bá sọ òótọ́, ṣé ó máa lè jókòó pẹ̀lú mi nínú pálọ̀ yẹn mọ́? Bí n kò bá sì sọ ọ́, ta ni n ó tún máa pè láti ẹnu géètì? Ìrọ̀lẹ́ Sunday ni mò ń kọ èyí. Ọkọ mi wà nídìí fèrèsé, ó ń ka ìwé ìròyìn, iná ráútà ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ náà wà lẹ́nu mi. Báwo ni mo ṣe máa pè é kó gbọ́?