Táìlì Iwájú Ilé

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Uso bọ̀ ní Ọ̀wọ̀, mo gbé ọmọbìnrin mi lé itan, ìyá àgbà kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì ń fa ọ̀rọ̀ lórí àga iwájú mi.

"Mámà, mo ní n ó san owó orí ilé yẹn."

"Tọdún yìí lo máa san. Tọdún tó ń bọ̀ ńkọ́? Tí n ò bá rí i san, ṣé kí wọ́n tilé mọ́ mi síta? Nígbà ayé bàbá yín, kékeré ni àwọn agbowó orí ń bù fún wa. Ẹ lẹ táìlì mọ́ iwájú ilé nítorí àlejò ìsìnkú rẹ̀. Wọ́n wò ó láti títì, wọ́n sì fowó lé e."

"Ilé tí wọ́n bá tún ṣe, owó orí rẹ̀ á lọ sókè ni."

"Iwájú nìkan lẹ tún ṣe! Jẹ́ ká mú wọn dé ẹ̀yìn, kí wọ́n rí ògiri alámọ̀, kí wọ́n dín in kù."

"Ẹ rọra, Mámà. Èmi àti ọ̀kan nínú wọn la jọ ka gírámà. Ṣé kí n mú un wọ yàrá tó ń jò?"

Ìyá náà kọjú sí i.

"Ojú ń tì ọ́ pé á rí yàrá yẹn. Ojú ò tì ọ́ pé ibẹ̀ ni mò ń sùn."

Mo fa ọmọ mi mọ́ra. Nígbà tá a wọ Ọ̀wọ̀, ìyá náà pe awakọ̀.

"Já mi sílẹ̀ níwájú ọ́fíìsì owó orí. Èmi nìkan ni o. Ọmọ mi ń lọ síwájú."