Àwọn Ará Ọ̀ginnìtìn àti Àbúrò Mi

Ẹ dín ohùn tẹlifíṣọ̀n yẹn kù díẹ̀. Àwọn onírùngbọ̀n pupa tí ẹ ń wò yẹn, tí wọ́n ń tu ọkọ̀, tí wọ́n dé ìwo màlúù sórí... mo ti mọ̀ wọ́n kí n tó bí yín. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rín in. Àwọn èèyàn yẹn ò tilẹ̀ dé ìwo rárá. Àbúrò mi ló sọ fún mi, Bàbá Ìyàndá yín tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Nígbà tí mo ṣì lè ru igi ìdáná láti oko délé láìsọ̀ ọ́ lọ́nà, èmi, ìyá wa àti Ìyàndá là ń gbé lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Bàbá wa ti kú. Fọ́ọ̀mù tíríì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ kí Ìyàndá lè máa bá tirẹ̀ lọ. N kò bínú. Bó ṣe rí nìyẹn láyé ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n á sún sẹ́yìn kí àbúrò lè kọjá. Lónìí ńkọ́? Rìmóòtù lásán, ẹ ń jà á gbà lọ́wọ́ ara yín.

Ìyàndá wá wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ní láíbìrì wọn ló ti rí ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti já, ìtàn àwọn ará Nọ́ọ̀wè àtijọ́ àti àwọn aládùúgbò wọn. Ilẹ̀ tó tutù débi pé omi odò ń dì. Wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣòwò, wọ́n sì ń fi í jagun, wọ́n ń fi í kó ẹrù olẹ́rù. Ó kà á tán, ó wá bá mi ní ìdí àdògán.

Ó ní, ‘Àǹtí, mo fẹ́ tẹ ìlú kan dó.’

Mo ní, ‘Níbo? Ìwọ tí o ò ní ilẹ̀ ebè kan.’

‘Nínú ìwé ni.’

Bó ṣe tẹ Ọ̀ginnìtìn dó nìyẹn. Ìlú tí kò sí níbì kankan.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣe é. Kò kàn da ìwé yẹn kọ. Ó ń mú, ó ń yí i padà. Àwọn ará Nọ́ọ̀wè ní òrìṣà olójú kan, tó yọ ojú kejì fi gba omi ọgbọ́n mu. Ìyàndá sọ ọ́ di ọba, ó fún un ní ẹyẹ ìwò méjì tó ń bá a gbọ́ ìròyìn ìlú. Wọ́n ní obìnrin mẹ́ta nídìí igi ńlá kan tó ń pín kádàrá. Ìyàndá fi òwú lé wọn lọ́wọ́, ó wá lọ jókòó ti ìyá wa tó ń ran òwú.

‘Màmá, bí òwú bá já, ṣé ẹ máa ń so ó?’

Ìyá wa ní, ‘A kì í so ó. A máa ń lọ́ ọ mọ́ra ni. Bí o bá ta kókó sí i, aṣọ á tú ọ fó.’

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún ní jagunjagun wọn tó bá kú sójú ogun, gbọ̀ngán ọba ọ̀run ló ń lọ jẹun. Ìyá wa, ọmọ Ìkòyí-Ilé, gbé ojú sókè.

‘Ṣé àwọn yẹn ló kọ́kọ́ mọ ogun ni? Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gba ọfà lẹ́yìn. Àyà ni wọ́n fi ń gbà á. Kí ló dé tí o ò kọ ìyẹn?’

Ìyàndá ní, ‘Màmá, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ wọ́n bí ará ilé.’

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń yẹ ẹ̀yìn òkú wò ní Ọ̀ginnìtìn kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀ fún ìsìnkú.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni òfin wọn. Wọn ò kọ ọ́ síbì kan. Orí arúgbó kan ló wà, á máa kà á fún gbogbo ìlú ní pápá, lọ́dọọdún. Òfin kan wà níbẹ̀ pé ẹni tó bá pa èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ní ilé àkọ́kọ́ tó bá kàn. Bó bá kọjá ilé mẹ́ta láìsọ̀rọ̀, wọn ò ní gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ìyàndá ní àwọn ará Nọ́ọ̀wè ní irú rẹ̀ lóòótọ́.

Èmi ni mo ń da gbogbo rẹ̀ kọ. Ó ní ọwọ́ mi ló dára. Ìwé eléwé ogójì, mẹ́fà ló kún. Bí mo bá ti da ojú ewé kan kọ tán, a ó fi bébà àkọ́kọ́ dáná. Nígbà tó gba iṣẹ́ tíṣà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọwọ́ mi ló fi ìwé náà sí. Àwọn atẹ̀wé kan ní Ìbàdàn ti ní kó mú un wá lẹ́yìn Àjíǹde.

Lẹ́ńtì ọdún yẹn ni àìsàn dá ìyá wa dùbúlẹ̀. Wọn ò lè jẹun. Ọsibítù fa omi sí wọn lára, wọ́n ń gún wọn lábẹ́rẹ́, èmi ń gbààwẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan wọ́n ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí àwọn ará Éfésù ti kó ìwé idán wọn jáde, tí wọ́n dáná sun ún. Mo délé, mo wo ìwé Ìyàndá. Ó ti ya ọba olójú kan sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò mí. Mo ní, àbí nǹkan yìí ló ń dí àdúrà mi lọ́nà?

Kò sẹ́ni tó rán mi. Láàárọ̀ Mọ́ńdè mo kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú iná, ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìyá wa dìde jókòó, wọ́n béèrè ẹ̀kọ. Abẹ́rẹ́ ni o, àdúrà ni o, Ọlọ́run ló mọ̀.

Sátidé, Ìyàndá dé. ‘Àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ìwé wa dà?’

Mo ní, ‘Ikán ti jẹ ẹ́.’

Ó wọ yàrá lọ. Ó kúnlẹ̀ níbi tí ìwé máa ń wà, ó fọwọ́ ra ilẹ̀ ibẹ̀. Ó jáde. ‘Kò burú, Àǹtí.’ Ó jẹun, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Mo gbé èlùbọ́ dání.

‘Àǹtí, ó jọ pé ẹ fẹ́ sọ nǹkan.’

‘Màmá ní kí n kí ọ ni.’

Ìlú mélòó ló wà lójú ọ̀nà yẹn? Ilé mélòó? Mo kọjá gbogbo wọn. Mo lọ sílé ọkọ, mo bí yín, ìyá wa kú. Ìyàndá kò kọ nǹkan kan mọ́. Bí wọ́n bá bi í, á ní tíṣà lòun.

Ọdún tó kọjá, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ń bó ọsàn. Mo ní, ‘Ìyàndá, kì í ṣe ikán. Èmi ni mo sun ún.’

Kò dáwọ́ dúró. ‘Mo mọ̀, Àǹtí.’

‘Láti ìgbà wo?’

‘Láti Sátidé yẹn. Ikán kì í jẹ ìwé kó má fi iyẹ̀pẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ mọ́ bí àwo.’

‘O ò wá sọ?’

‘Ẹ̀gbọ́n mi tó fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí mi, kí n pè yín lónírọ́? Ẹnu yín ni mo ń wò. Mo ti ra ìwé mẹ́fà mìíràn sílẹ̀. Orí yín ni gbogbo rẹ̀ wà nígbà náà, ẹ̀yin lẹ dà á kọ. Mo ní bí ẹ bá ti sọ ọ́, ẹ ó máa pè é, èmi ó máa kọ.’

Mo ní ká ṣe é báyìí. Ó nu ọwọ́, ó mú bírò. ‘Ó yá, Àǹtí. Kí lorúkọ ọba?’

Mo la ẹnu. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo ti gbàgbé, òun náà ti gbàgbé. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó la ọsàn, ó fún mi ní ààbọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, fóònù wà lápò kálukú yín báyìí. Àwa ń wọkọ̀ kí a tó lè tọrọ àforíjì. Bí ẹ bá ṣẹ ara yín, ẹ tètè sọ ọ́, nígbà tí nǹkan ṣì ṣe é tún ṣe. Ó ti dárí jì mí. Ọlọ́run náà ti dárí jì mí, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn, mo ṣì ń wá a. Mò ń gbálẹ̀ láàárọ̀, mò ń wá a. Mò ń kúnlẹ̀ àdúrà, mò ń wá a. Ó sì ti rẹ̀ mí.