Owó Mẹ́kà Tó Wà Lọ́wọ́ Mi

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Rilwan, má dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sá, wá ibi kan jókòó. Hàbíbà, àbúrò mi, ìyá Rilwan, fi tẹ̀súbáà yẹn sílẹ̀ díẹ̀. Adwoa, o ṣeun tí o wá láti Ashanti New Town, o sì ṣeun tí o mú ọmọ náà dání. Mo ti ní kó dúró ní àgbàlá títí màá fi pè é. Ẹ rò pé sàráà ni mo fẹ́ ṣe tí mo fi dá yín dúró lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Kì í ṣe sàráà. Ọ̀rọ̀ kan ti rà nínú èmi Sàlámì, òórùn rẹ̀ nìkan ló kù tí ẹ ò tíì gbọ́. Òní ni màá sọ ọ́, bí mo sì ṣe fẹ́ ni màá ṣe sọ ọ́, nítorí náà ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi. Dókítà ti sọ fún mi pé ojú mi ń lọ, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò lọ síbì kankan.

Ẹ wo aṣọ pupa tí mo tẹ́ sórí tábìlì yìí. Ní Kumasi yìí, láti Race Course títí dé Sawaba níbí, kò sí ẹlòmíràn tó ní irú ohun tó wà lórí rẹ̀. Ẹ lè pè é ní ìgbéraga, òótọ́ ni, mo gbà. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni mí, ojú mi ti kún fún wúrà tó fi di pé wúrà kò jọ mí lójú mọ́. Owó àtijọ́ ló ń gba oorun lójú mi, owó àwọn ará Gíríìkì àti ti àwọn ará Róòmù, tí òmíràn nínú wọn ti wà kí wọ́n tó bí Ànábì Ìsá. Èyí tí mo fọwọ́ kàn yìí, orí akọni kan ló wà lára rẹ̀, awọ kìnnìún ló fi ṣe fìlà. Ará Lẹ́bánónì kan tó ń palẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ mọ́ ní Race Course ló ní in, bọ́tìnnì ló pè é. Mo sọ fún un pé kì í ṣe bọ́tìnnì o, mo sọ ohun tó jẹ́ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tà á fún mi. Kékeré yìí, ti Róòmù ni: ìkookò kan ló ń fún ìbejì lọ́mú. Ọmọ àdúgbò wa kan tó ti Líbíà dé ló mú un wá. Ẹ mọ̀ pé ìbejì ni wọ́n bí mi, Táyé mi kò dàgbà. Ọjọ́ tí mo rí owó náà, mo sunkún bí ọmọdé. Àwọn wọ̀nyí, ọ̀nà ẹ̀tọ́ ni wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ mi, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Èyí tí mo pa àtẹ́lẹwọ́ dé mọ́ yìí ni kò gba ọ̀nà ẹ̀tọ́, òun náà sì ni mo fẹ́ràn jù.

Hàbíbà, ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ gbé e fún mi. Gbogbo wa la mọ ìtàn Owó Mẹ́kà ilé yín. Bàbá àgbà ọkọ rẹ tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Mẹ́kà ló gba Íjíbítì bọ̀, tó mú owó fàdákà kan bọ̀ láti ibẹ̀, tó lu ihò sí i, tó fi òwú dúdú so ó mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn lọ́jọ́ ìkómọ. Láti ìgbà náà, kò sí ọmọ ilé yín tí kì í so ó títí tí yóò fi máa rákòrò. Ẹ ní owó náà kì í pa ọmọ ilé lára, pé ọmọ àlè nìkan ni ọrùn rẹ̀ máa ń dúdú. Ẹ tún ní ẹyẹlé ló wà lára rẹ̀. Kì í ṣe ẹyẹlé, òwìwí ni. Owó ìlú Áténì ti àwọn Gíríìkì ni: òwìwí olójú ńlá lójú kan, obìnrin tó dé akoro ogun lójú kejì. Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni mo ti ń wá irú rẹ̀. Àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ kì í fẹ́ èyí tó nihò, wọ́n ní ó ti bàjẹ́. Èmi fẹ́ ẹ tòun ti ihò rẹ̀.

Hàbíbà, nígbà tí Adwoa bí Hamdia fún Rilwan, o mú owó náà wá kí n bá yín fọ̀ ọ́ kó lè dán fún ìkómọ. O ò tilẹ̀ jókòó. O ní èmi lo gbọ́kàn lé. Mo gbé e dé ibi iṣẹ́, mo sì ṣe ohun tí Kwasi kọ́ mi. Ẹ rántí Kwasi, alágbẹ̀dẹ Aṣanti tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Mo fi ojú owó náà méjèèjì tẹ amọ̀ rírọ̀, mo da ìda oyin sí ojú ibi tó tẹ̀, mo fi amọ̀ bo ìda, mo fi iná yọ́ ọ jáde, mo da idẹ sí àyè rẹ̀. Bí àwọn baba wọn ṣe ń rọ òṣùwọ̀n wúrà nìyẹn. Kwasi fi fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, èmi lu ihò sí i. Ó bi mí pé ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́, mo ní kò sẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́, mo fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́ ìsọ̀ ni. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, nítorí òógùn ara yóò jẹ fàdákà yẹn, idẹ á sì yọjú, á máa sọ ara di dúdú. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: wọ́n kìlọ̀ fún mi. Mo tú òwú dúdú kúrò lára ojúlówó, mo fi so ayédèrú, mo sì gbé e fún yín pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo tiẹ̀ gba àdúrà tí ẹ ṣe fún mi.

Kumasi gbóná, ọmọ ń làágùn, idẹ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọrùn Hamdia bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú yí po níbi tí owó náà ń kàn. Ariwo sọ nínú ilé yín. Àwọn kan ní ṣebí àwọn ti sọ pé kí Rilwan má fẹ́ ọmọ Aṣanti. Ẹ pè mí sí ìpàdé nítorí èmi ni mo mọ irin, kí n wá wò ó bóyá owó náà ti yí padà. Adwoa kúnlẹ̀ níwájú mi tòun tọmọ lápá. Ó ní, “Bàbá, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín, ẹ wò ó dáadáa. Èmi ò mọ ọkùnrin mìíràn.” Mo gbé dígí sójú. Iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ni mo ń wò, idẹ ń yọjú sí mi lábẹ́ fàdákà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá gba obìnrin yìí sílẹ̀. Mo sì ní, “Wàláhì, òun náà ni. Kò sóhun tó yí padà lára rẹ̀.” Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà ọjọ́ náà, èmi gan-an ni mo sì wọ́ orí ọmọ tuntun. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí Adwoa fi kó ẹrù rẹ̀ lọ bá ìyá rẹ̀. Rilwan, ìwọ náà gba owó tí o kò mọ ibi tó ti wá gbọ́ ju ìyàwó rẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tìẹ kò dín tèmi kù.

Nígbà tí Kwasi gbọ́, ó kó ẹwìrì rẹ̀, ó ní òun ò lè bá mi fẹ́ iná kan náà mọ́. Ó ní kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, nítorí bí òun bá sọ ọ́, wọ́n á ní Aṣanti ń gbè lẹ́yìn Aṣanti. Mo jẹ́ kó lọ. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé Adwoa kò bínú sí mi. Ọdọọdún ló ń kí mi lọ́jọ́ Iléyá, ó ní ohun tí ojú mi rí ni mo sọ. Lọ́dún tó kọjá ló rán Hamdia sí mi pẹ̀lú yẹtí tó já. Ọmọ náà rí owó mi lórí tábìlì, ó gbé òwìwí yìí, ó ní, “Nana, bàbá àgbà, kí ló dé tí èyí nihò?” Mo ní ọmọdé ló ń wọ̀ ọ́ sọ́rùn láyé àtijọ́. Ó ní, “Ọmọ wo?” Ojú tì mí. Mo ní kó lọ, màá mú yẹtí náà wá. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè fi ọkàn balẹ̀ wo owó mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, Ràódàt ìyàwó tuntun bímọ fún Rilwan, ọ̀la sì ni ìkómọ. Hàbíbà, o tún mú Owó Mẹ́kà, tí ọmọ kankan kò tíì so láti ìgbà Hamdia, wá kí n fọ̀ ọ́. O gbé ayédèrú mi padà fún mi. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Bí mo bá fọ̀ ọ́ tí mo dá a padà, ọrùn ọmọ tuntun á dúdú, ilé Ràódàt náà á tú. Nígbà náà ni èṣù kọ́ mi lọ́gbọ́n: kí n so ojúlówó mọ́ òwú ní jẹ́ẹ́jẹ́, kẹ́nikẹ́ni má mọ̀. Mo ti mú òwú dání kí n tó rí ohun tí mo fẹ́ ṣe. Bí ọrùn ọmọ tuntun bá mọ́ ketekete, gbogbo yín á ní ṣebí ẹ ti wí, owó kì í purọ́, ọmọ àlè ni Hamdia lóòótọ́. Màá ti fi owó baba rẹ̀ sin ín láàyè. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ibi kọ́lọ́fín tí mo lè gbà dá a padà. Ojú gbogbo yín ló kù.

Ayédèrú rèé lórí tábìlì, ẹ gbé e, ẹ fi èékánná họ ọ́, ẹ ó rí idẹ. Adwoa, mo purọ́ mọ́ ọ, mo sì fi orúkọ Ọlọ́run búra lé e. Mi ò ní kí o padà sílé Rilwan, ìyẹn wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Bí o bá lè dárí jì mí, dárí jì mí. Bí o kò bá lè ṣe é, mi ò ní bá ọ jà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà níbí, mo ti fẹ́ràn ohun olóhun rí, mo mọ̀ ọ́n: ẹ̀ẹ̀kan lẹ óò jí i, ojoojúmọ́ lẹ óò máa pa ẹni tó ni ín. Rilwan, dìde, lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kí ó jẹ́ ìwọ baba rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rí. Hamdia! Wọlé wá, ọmọ mi. Lọ́jọ́sí, o bi mí pé ọmọ wo ló ń wọ owó yìí sọ́rùn. Súnmọ́ mi, kí n dá ọ lóhùn.