Aláǹtakùn Tí Kò Sá

Nínú gbaka, ọkọ̀ akérò kékeré, tó ń ti Anyama lọ sí Adjamé ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín ìyá olóbì kan àti ọmọbìnrin tó jókòó tì í, tó ní ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò lòun ń kọ́ ní université.

Ìyá náà ní òun ń lọ ra oògùn apakòkòrò.

"Aláǹtakùn ńlá kan wà lójú fèrèsé yàrá tí ọmọ-ọmọ mi ń sùn. Wọ́n ní araignée-loup ni, aláǹtakùn ìkookò."

"Mama, ṣé ẹ rí ẹyin níbẹ̀?"

"Mo rí i. Ó gbé e sílẹ̀, ó wá bò ó mọ́lẹ̀."

"Araignée-loup kì í gbé ẹyin sílẹ̀. Ìdí ló máa ń so ó mọ́ kiri. Tí ẹyin bá pa, á pọn àwọn ọmọ sẹ́yìn bí àwa náà. Ṣé tiyín ń gun gíláàsì?"

"Ó ń gùn ún."

"Èyí tó jọ ọ́ ni, fausse araignée-loup, ayédèrú rẹ̀. Ó kàn ń ṣọ́ ẹyin ẹ̀ ni. Kì í wá ènìyàn níjà."



"Mo fi ìgbálẹ̀ lù ú, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan já. Kò sá. Mo rò pé òmùgọ̀ ni."



Nígbà tí a dé ibùdókọ̀ Abobo Gare, ìyá náà dìde.

"Báwo ni mo ṣe máa gbé e síta?"

"Ẹ fi ife dé e, kí ẹ ti páálí sábẹ́ ẹ̀."

"Pẹ̀lú ẹyin ẹ̀?"

"Pẹ̀lú ẹyin ẹ̀, Mama."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì lọ wọ gbaka tó ń padà sí Anyama.