Ehoro Tí A Fi Oyin Sọ Lórúkọ

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, owó tí a fi ń ra odidi ehoro kan kò lè ra ẹ̀fọ́ tí ehoro ń jẹ ní Dubai lónìí. Mo ń tòògbé nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Sharjah bọ̀ wá sí Dubai, eruku yanrìn bo ojú ọ̀run, nígbà tí mo gbọ́ Yorùbá lẹ́yìn mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin gáàdì kan ló ń bẹ ìyá oníṣòwò tó jókòó tì í.

“Mọ́mì, kọ́ńtíráàkì mi ti fẹ́ parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba àwọn ehoro mi méjèèjì.”

“Habibi, ọmọ mi, gbé wọn wá. Ata ti wà nílé.”

“Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Mọ́mì. Wọ́n ti lórúkọ.”

“Orúkọ! Ta ni àlùfáà tó sọ wọ́n lórúkọ?”

“Èmi ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọ mi lórúkọ nílé, orí fóònù ni mo wà. Mo ti ra oyin sílẹ̀, kò sì sí ọmọ lọ́dọ̀ mi tí mo máa tọ́ ọ sí lẹ́nu. Àwọn ehoro ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.”



“Ohun tí a bá ti fi oyin sọ lórúkọ, a kì í fi ata sí i lára. Gbé wọn wá ní Friday. Kí ni wọ́n ń jẹ́?”

Ó rọra sọ ọ́ sí i létí. N kò gbọ́.

Àwa mẹ́rin la jọ tọ́jú ehoro kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní yunifásítì. Méjì nínú wa ti jáde láyé. Ó ku èmi, ó ku ẹnìkan ní Iléṣà, àwa méjèèjì ṣì mọ orúkọ ehoro náà.