Ìfọwọ́sí Tó Gba Inú Wáyà Wá

Ẹ bá mi kígbe ìyìn, ẹ̀yin ará! Ògo ni fún Ọba tí kò jẹ́ kí wọ́n lé opó síta! Ẹ jẹ́ kó dún dé Ọ̀rà!

Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Ṣadé, ló wà ní ọsibítù ní Jọ́ọ̀sì, lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Ìyàwó wọn ò lè kúrò nílé ní Ìlá níbí, kí ẹbí má baà ti àgádágodo mìíràn mọ́ ọn. Àbúrò bàbá wa ti sọ ọ́ lójú mi: "Obìnrin kì í jogún ọkọ. Ilé ẹbí ni."

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Wọ́n kọ ìwé ìhágún pé ìyàwó àwọn ló ni ilé, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Òṣogbo lórí ẹ̀rọ fáàsì. Ìwé gba inú wáyà tẹlifóònù wá! Halelúyà! Èmi àti díákónì wa lọ gbà á níbẹ̀, a fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí, ó di ọ̀dọ̀ lọ́yà.

Lọ́yà ní, "Bàbá, ṣé ojú yín ni wọ́n ti fọwọ́ sí i?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi!"

"Òfin ò béèrè ìyẹn. Àwòrán ìfọwọ́sí lásán lèyí. Ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí wọ́n jọ máa wo ẹ̀gbọ́n yín bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí i, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú wọn."

Ojo ni mí, ẹ̀yin ará. Kí n gbé ìwé ikú lọ bá aláìsàn? Bí wọ́n bá kú lójú ẹsẹ̀ ńkọ́? Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Ìyá Ṣadé kúnlẹ̀: "Ọkọ mi, ẹ gbà mí." Ẹkún ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn mi bá san!

Èmi àti díákónì dé Jọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. "Jóṣúà, kí lo fi pamọ́ sábẹ́ agbádá? Pósí ni?" Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. "Mú un wá jàre. Bí ìwé bá ń pa èèyàn, ìwọ tó sá nílé ìwé ni ì bá kẹ́yìn gbogbo ayé."

Dókítà ní, "Orí wọn pé." Wọ́n fọwọ́ sí i lójú wa, àwa náà fọwọ́ sí i lójú wọn. Ẹ ṣeun, Jésù!

Ẹ̀gbọ́n mi padà wálé, wọ́n tún jẹ iṣu tuntun kí Olúwa tó pè wọ́n. Lẹ́yìn ìsìnkú, lọ́yà ka ìwé náà fún ẹbí, àbúrò bàbá wa bá dìde: "Ta ló rí i nígbà tó fọwọ́ sí i?"

Èmi àti díákónì dìde. "Àwa ni."

Ó wo ìwé, ó wò wá, ó jókòó. "Ó dáa. Kí ìyàwó wa máa gbé ilé rẹ̀."

Ẹ ṣeun, Bàbá! Ẹ ṣeun o! Ìwọ tí wọ́n ń fi ilé rẹ halẹ̀ mọ́ lónìí, má sọ̀rètí nù. Bó bá ku ojo kan ṣoṣo ládùúgbò yín, Olúwa á rán an sí ọ.